Eré Mẹ́rin William Congreve: Ìwé Tí Ó Yẹ Kí A Kà Sókè

Ní ìparí ọdún tí ó kọjá ni ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń bọ̀ wálé láti London bá mi ra ìwé kan tí mo ti ń wá tipẹ́. Ìwé ẹlẹ́yìn rírọ̀ ni, ó nípọn díẹ̀, ó sì kó gbogbo eré apanilẹ́rìn-ín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí William Congreve kọ fún ìtàgé London pọ̀ sójú kan: The Old Bachelor àti The Double Dealer tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní ọdún 1693, Love for Love ti ọdún 1695, àti The Way of the World tí ó gbẹ̀yìn wọn ní ọdún 1700. Mo ti kà á láti páálí dé páálí lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí mo sì fẹ́ kí ẹni tí ó bá fẹ́ rà á kọ́kọ́ mọ̀ ni pé ẹni tí ó bá fi ojú nìkan ka eré wọ̀nyí kò tíì kà wọ́n. Nígbà àkọ́kọ́, mo dákẹ́ kà á bí ẹni tí ó ń ka ìwé ìròyìn, ó sì ti sú mi kí n tó dé ìdajì. Nígbà kejì, mo kà á sókè, èmi àti ìyàwó mi jọ pín ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀dá ìtàn náà láàárín ara wa, àfi bí ẹni pé wọ́n ti pààrọ̀ ìwé náà mọ́ mi lọ́wọ́.

Congreve kò pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ eré kíkọ. Abúlé Bardsey ní Yorkshire, nítòsí ìlú Leeds, ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1670, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ológun bàbá rẹ̀ gbé ìdílé náà lọ sí ilẹ̀ Ireland, níbi tí òun àti Jonathan Swift, ẹni tí ó kọ Gulliver's Travels, ti jọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan náà ní Kilkenny, kí wọ́n tó tún jọ wà ní Trinity College ní Dublin. Ó wá sí London láti kọ́ iṣẹ́ amòfin, àmọ́ eré ni ọkàn rẹ̀ fà sí. Ní oṣù Kẹta ọdún 1693, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 23 péré, wọ́n gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́, tí John Dryden, àgbà òǹkọ̀wé ìgbà náà, bá a tún ṣe, sórí ìtàgé ní ilé eré Drury Lane ní London, wọ́n sì ṣe é fún ọjọ́ 14, èyí tí ó ṣọ̀wọ́n fún eré tuntun láyé ọjọ́un. Àwọn ọ̀mọ̀wé a máa ka iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ eré ìgbà Ìpadàbọ̀ Ọba, ìyẹn ìgbà tí Charles Kejì padà sórí oyè ní ọdún 1660, tí àwọn ilé eré tí ilé aṣòfin ti tì pa láti ọdún 1642 tún ṣí, tí àwọn obìnrin sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣeré níbi tí ó jẹ́ pé ọmọkùnrin ni ó ń wọ aṣọ obìnrin tẹ́lẹ̀. Charles ti wàjà ní ọdún 1685, kí Congreve tó kọ ohunkóhun, ṣùgbọ́n irú eré tí ìgbà ọba náà bí ni òun wá sọ di pípé: eré nípa àwọn olówó London, bí wọ́n ṣe ń fẹ́ra, bí wọ́n ṣe ń rẹ́ ara wọn jẹ nídìí ogún, àti bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ dídán bo ohun tí wọ́n ń wá mọ́lẹ̀.

Bí ẹ bá ra ìwé náà, ẹ má ṣe tẹ̀lé bí wọ́n ṣe tò ó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí Love for Love, nítorí òun ni ó rọrùn jù, òun náà ni ó sì dùn jù lẹ́nu. Valentine, ọmọ olówó tí ó ti ná ìná àpà, jókòó sínú yàrá, ó ń ka ìwé ọgbọ́n, nígbà tí àwọn tí ó jẹ lówó ti dógò tì í lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá rẹ̀, Sir Sampson Legend, ṣe tán láti fún un ní £4,000 kí ó fi san gbèsè, kìkì bí ó bá lè fọwọ́ sí ìwé pé òun yọ̀ǹda ogún òun fún àbúrò òun, Ben, tí í ṣe atukọ̀. Valentine gba owó, ṣùgbọ́n nígbà tí ó tó àkókò láti fọwọ́ sí ìwé ìkẹyìn, ó ṣe bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Angelica, ọmọbìnrin tí ó fẹ́ràn, tí owó tirẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò jẹ́ kí wèrè àtọwọ́dá yẹn tan òun jẹ. Ó dọ́gbọ́n sún mọ́ bàbá náà bí ẹni pé òun yóò fẹ́ ẹ, títí ìwé gbèsè fi bọ́ sí i lọ́wọ́. Ìgbà tí Valentine rò pé òun ti pàdánù rẹ̀, tí ó gbà láti fọwọ́ sí ohun tí yóò sọ òun di aláìní, ìgbà náà ni Angelica fa ìwé ya lójú gbogbo wọn.

Ibi kan wà ní ìpín kejì eré náà tí mo fẹ́ kí ẹ fi àmì sí. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, Mrs. Foresight àti Mrs. Frail, ń bára wọn wíjọ́. Mrs. Foresight ń bá èkejì wí pé kò yẹ kí obìnrin máa bá ọkùnrin gun kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin káàkiri ìgboro. Ó ní wọ́n rí i ní World's End, ibi ìgbafẹ́ kan tí orúkọ rẹ̀ kò dára nígbà náà. Mrs. Frail jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun kò dé ibẹ̀ rí. Ẹ̀gbọ́n bá na ọwọ́, ó fi ìkótí wúrà kan hàn án: níbo ni o ti sọ ìkótí yìí nù? Àbúrò wò ó, ó mọ̀ pé tòun ni, ó sì dáhùn pé bí ó bá di ti ìyẹn, níbo ni ìwọ náà ti rí i he? Kò sí àlàyé kankan lẹ́yìn ìyẹn. Ìbéèrè méjì àti ìkótí kan péré ni Congreve fi sọ ìwà obìnrin méjèèjì fún wa, àwọn náà sì ti di ọ̀rẹ́ kòríkòsùn kí gbólóhùn tó tẹ̀ lé e tó parí. Ẹ bi ara yín ní ìbéèrè náà sókè, ẹ ó rí i pé èyí ẹ̀yìn gùn ju ti ìṣáájú lọ díẹ̀, àti pé gígùn yẹn ni ó ń pa ni lẹ́rìn-ín.

Inú eré kan náà ni ọ̀gbẹ́ni Foresight wà, àgbàlagbà awòràwọ̀ tí ó mọ ohun tí ìràwọ̀ ń wí lójú ọ̀run tán, tí ìbọ̀sẹ̀ tí ó wọ̀ lódì láàárọ̀ sì jẹ́ àmì oríire lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò mọ ohun tí ìyàwó òun ń ṣe nínú ilé òun. Bẹ́ẹ̀ ni Ben, tí gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àti omi òkun, tí ó sì jẹ́ olóòótọ́ ju àwọn ará London tí ó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

N kò ní pẹ́ lórí eré méjì ìṣáájú. The Old Bachelor jẹ́ iṣẹ́ ọmọdé tí ó mọ̀ọ́yàn wò: ó dùn ní ibi tí Heartwell, àpọ́n àgbàlagbà tí ó ń fi gbogbo ẹnu bú obìnrin, ti dúró lẹ́nu ọ̀nà ọmọbìnrin kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbà láti kọjá, ṣùgbọ́n àwọn ìtàn inú rẹ̀ pọ̀ jù, wọn kò sì so mọ́ra. The Double Dealer le, ó sì dúdú ju ohun tí a ń retí lọ. Maskwell tí í ṣe ọ̀dàlẹ̀ inú rẹ̀ ti rí i pé òtítọ́ ni aṣọ tí ó dára jù láti fi bo irọ́, nítorí náà ó ń sọ òtítọ́ fún àwọn tí ó ń dà, wọn kò sì gbà á gbọ́. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ mọ̀ pé Congreve lè ṣe é.

Nítorí The Way of the World ni mo ṣe ra ìwé yìí, nítorí rẹ̀ náà ni mo ṣe ń sọ pé kí ẹ rà á. Bí mo bá ní láti túmọ̀ orúkọ rẹ̀, Báyìí Layé Rí ni n bá pè é. Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́: ẹni tí ó bá kọ́kọ́ kà á yóò ṣìnà nínú ẹbí tí ó wà níbẹ̀. Mirabell fẹ́ràn Millamant. Ìdajì owó Millamant, tí ó jẹ́ £6,000, wà lábẹ́ àṣẹ ìbátan rẹ̀ àgbà, Lady Wishfort, bí ó bá sì fẹ́ ọkọ tí màmá náà kò fọwọ́ sí, ìdajì yẹn lọ. Mirabell ti kọ́kọ́ ṣe bí ẹni pé Lady Wishfort gan-an ni òun ń fẹ́, kí ojú má baà mọ́ ẹni tí òun ń wá. Nígbà tí àṣírí tú, màmá kórìíra rẹ̀ bí ìgbẹ́. Fainall ni ọkọ ọmọ Lady Wishfort, Mrs. Marwood sì ni àlè Fainall. Ìyàwó Fainall náà sì ti jẹ́ olólùfẹ́ Mirabell rí, nígbà tí ó jẹ́ opó. Gbogbo èyí ni ìpín àkọ́kọ́ ń sọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láàárín àwọn ọkùnrin tí ó ń ta káàdì nílé tí wọ́n ti ń mu ṣokoléètì, láìsí ẹni tí ó dúró ṣàlàyé. Orúkọ wọn ràn mí lọ́wọ́ díẹ̀, nítorí orúkọ ń ro wọ́n lóòótọ́: Millamant ni ẹlẹ́gbẹ̀rún olólùfẹ́, Witwoud ni ẹni tí ó wù kí ó jẹ́ ọlọ́gbọ́n lẹ́nu, ti Lady Wishfort sì ń sọ pé ojú nǹkan náà ṣì ń kán an.

Lójú mi, Lady Wishfort ni ẹ̀dá tí Congreve fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ jù lọ. Ẹni ọdún 55 ni. Wọ́n ti sọ fún un pé ọ̀gbẹ́ni ọlọ́lá kan, Sir Rowland, ń bọ̀ wá fẹ́ ẹ, kò sì mọ̀ pé ọmọ-ọ̀dọ̀ Mirabell ni wọ́n wọ ní aṣọ olówó. Inú ti bí i láàárọ̀, ìbínú sì ti mú àtíkè ojú rẹ̀ sán. Ó ní kí Foible, ọmọ-ọ̀dọ̀ rẹ̀, gbé dígí wá, ó wo ara rẹ̀, ó sì sọ fúnra rẹ̀ pé òun dà bí ògbólógbòó ògiri tí ọ̀dà ti bó lára rẹ̀, kí Foible yára tún òun ṣe kí Sir Rowland tó dé, kí òun má baà yàtọ̀ sí àwòrán òun tí wọ́n ti fi hàn án. Lẹ́yìn náà ni ó ń rò ó bóyá kí òun jókòó ni tàbí kí òun fẹ̀yìn tì, tí ó wá pinnu pé òun yóò fẹ̀yìn tì, kí òun lè dìde lójijì bí ẹni tí ìtìjú mú. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á, àánú rẹ̀ sì ṣe mí, nítorí pé ẹni tí ó mọ ojú ara rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òmùgọ̀ pátápátá.

Ìpín kẹrin ni Mirabell àti Millamant ti jókòó ná ìgbéyàwó bí ẹni tí ó ń ná ọjà. Kò sí èyí tí ó sọ nínú wọn pé òun fẹ́ràn èkejì. Millamant ní òun yóò máa sùn di ìgbà tí ó bá wu òun láàárọ̀. Ó ní kí ọkọ má ṣe máa pe òun ní ọ̀wọ́n, ìdùnnú, olólùfẹ́ àti àwọn orúkọ bẹ́ẹ̀ tí tọkọtaya máa ń pe ara wọn títí yóò fi sú ará ilé. Kí wọ́n má jọ máa lọ kí èèyàn, kí wọ́n má jọ máa lọ wòran. Kí wọ́n jìnnà sí ara wọn bí ẹni tí ó ti ṣègbéyàwó tipẹ́tipẹ́, kí wọ́n sì máa bọ̀wọ̀ fún ara wọn bí ẹni tí kò ṣègbéyàwó rárá. Kí òun máa kọ lẹ́tà kí òun sì máa gbà á láìsí ìbéèrè. Kí òun nìkan jọba lórí tábìlì tíì òun. Ibikíbi tí òun bá sì wà, kí ọkọ kan ilẹ̀kùn kí ó tó wọlé. Bí ó bá gba gbogbo rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí òun rọra máa dínkù títí òun yóò fi di ìyàwó. Ọ̀rọ̀ tí ó lò lédè Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀, dwindle, ni ọ̀rọ̀ tí a ń lò fún ohun tí ó ń tán lọ díẹ̀díẹ̀, gbogbo ẹ̀rù tí ó ń ba obìnrin náà sì wà nínú ọ̀rọ̀ kan yẹn. Mirabell náà ní tirẹ̀ lẹ́nu: kí ó má ṣe fi awọ olóróró bo ojú sùn lóru nítorí ẹwà, kí ó má ṣe fi okùn di ikùn pinpin nígbà tí ó bá lóyún, kí tíì, kọfí àti ṣokoléètì máa jọba lórí tábìlì náà, kí ọtí líle má ṣe gba ẹ̀yìn wọlé.

Ìyàwó mi ni ó ka ti Millamant nígbà tí a jọ kà á. Aránṣọ ni, yàrá tí ó ti ń ránṣọ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pálọ̀ wa. Nígbà tí ó dé ibi ilẹ̀kùn kíkàn, ó dúró, ó padà sẹ́yìn, ó tún gbólóhùn náà kà jẹ́jẹ́, ó wò mí díẹ̀, ó sì ń bá ìwé rẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà, n kì í wọ yàrá ìránṣọ yẹn láì kan ilẹ̀kùn.

Ó yẹ kí òǹkàwé mọ ìdí tí Millamant fi ń ná ìgbéyàwó lójú méjèèjì báyìí. Òfin ilẹ̀ England nígbà náà fi ohun ìní obìnrin sí ìkáwọ́ ọkọ rẹ̀ ní kété tí ìgbéyàwó bá ti wáyé, kò sì sí ìkọ̀sílẹ̀ tí yóò jẹ́ kí èèyàn fẹ́ ẹlòmíràn àfi èyí tí ilé aṣòfin bá ṣe òfin lé lórí fún onítọ̀hún nìkan. Ọ̀nà tí àwọn ọlọ́rọ̀ fi ń yí òfin náà po ni kí obìnrin kọ ìwé fi dúkìá rẹ̀ sí ìkáwọ́ ẹni tí ó fọkàn tán kí ó tó lọ sílé ọkọ. Ohun tí ó wà nínú àpótí dúdú tí Mirabell ní kí wọ́n gbé wá ní ìpín karùn-ún nìyẹn. Fainall ti dúró gan-an, ó ń halẹ̀ mọ́ Lady Wishfort pé òun yóò ba ọmọ rẹ̀ lórúkọ jẹ́ ní gbangba bí wọn kò bá kó owó fún òun. Ni ìwé bá jáde, ọjọ́ tí ó wà lára rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ ìgbéyàwó Fainall, ó sì hàn pé ìyàwó rẹ̀ ti kó gbogbo dúkìá rẹ̀ sí ìkáwọ́ Mirabell nígbà tí ó ṣì jẹ́ opó. Mirabell ní báyìí layé rí, ayé àwọn opó.

Ibi tí eré náà ti dùn mí wà pẹ̀lú. Ní ìpín kejì, ìyàwó Fainall bi Mirabell pé kí ló dé tí o fi mú mi fẹ́ ọkùnrin yìí. Mirabell fèsì pé kí ló dé tí à ń ṣe ohun tí kò dára tí ó sì léwu lójoojúmọ́, bí kò ṣe láti gba òrìṣà tí à ń pè ní orúkọ rere là. Ó dáhùn dáadáa, ṣùgbọ́n kò dáhùn ìbéèrè obìnrin náà. Mirabell yìí sì ni Congreve fi ṣe akọni. Àlùfáà Jeremy Collier ti kọ ìwé ní ọdún 1698 láti bú àwọn òǹkọ̀wé eré pé wọ́n ń ba ìwà jẹ́, ó dárúkọ Congreve, Congreve sì fèsì ní ọdún kan náà. Ohun tí Collier ń wò ni ìbúra àti ọ̀rọ̀ àìmọ́. Ohun tí ó ká mi lára jù ìyẹn lọ ni obìnrin yẹn, tí ọgbọ́n gbogbo wọn gbà là, tí ó sì ṣì ń padà sílé Fainall.

Ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé náà dára, ó ṣàlàyé òfin àti ilé eré dáadáa: pé inú ilé tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì tẹ́lẹ̀ ní Lincoln's Inn Fields ni wọ́n ti ṣe Love for Love, nígbà tí Thomas Betterton àti àwọn òṣèré rẹ̀ yapa kúrò ní Drury Lane, àti pé Anne Bracegirdle ni ó ṣe Angelica àti Millamant. Ó sọ ti Voltaire pẹ̀lú, òǹkọ̀wé ará Faransé, tí ó lọ kí Congreve nígbà ogbó rẹ̀, tí Congreve sì ní kí ó ka òun sí ọlọ́lá lásán, kí ó má ka òun sí òǹkọ̀wé. Voltaire ní bí ó bá jẹ́ ọlọ́lá lásán ni, òun kì bá tí wá. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ ìṣáájú náà fi kọjá lórí pé ní ọdún 1714 ni ìjọba fún Congreve ní ipò akọ̀wé erékùṣù Jamaica, tí ó ń gba owó rẹ̀ láì fi ẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ rí. Àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú ni ó ń ṣe iṣẹ́ oko ìrèké tí ó mú erékùṣù náà lówó. Ìwé tí ó rí àyè ojú ewé mẹ́ta fún aṣọ àti irun yẹ kí ó rí àyè fún ìyẹn.

Lẹ́tà ìwé náà kéré jù fún ẹni tí ojú rẹ̀ ti ń rọ̀ bíi tèmi, ẹ̀yìn ìwé ni wọ́n sì kó gbogbo àlàyé ọ̀rọ̀ sí, tí ó fi jẹ́ pé ìka kan gbọ́dọ̀ wà níwájú, ìka kan lẹ́yìn, ìyẹn kò sì bá ìwé tí a fẹ́ kà sókè mu rárá. Bí ẹ bá ní àǹfààní láti wo ìwé kí ẹ tó sanwó, ẹ mú ẹ̀dà tí àlàyé rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ojú ewé. Àwọn eré náà wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Project Gutenberg, ilé ìkówèésí orí íńtánẹ́ẹ̀tì, fún ẹni tí kò bá fẹ́ náwó, àmọ́ láìsí àlàyé, ọ̀rọ̀ bíi World's End kò ní sọ nǹkan kan fún yín. Kò sí àwòrán ìlà ẹbí nínú ẹ̀dà tèmi. Fúnra mi ni mo fi pẹ́ńsùlù yà á sẹ́yìn páálí iwájú, Lady Wishfort lókè, ọmọ rẹ̀ àti Fainall lápá òsì, Millamant lápá ọ̀tún, àpótí dúdú láàárín wọn. Ẹni tí ó bá yá ìwé náà lọ́wọ́ mi yóò bá a níbẹ̀.